Dókítà Kò Kí Yín, Ó Ń Bi Yín Léèrè Ni

Ẹ má kánjú. Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ lè kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ níbí, bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó kí ara wa. "Ṣé ẹ jí dáadáa?" "A dúpẹ́." "Ilé ńkọ́?" "Àlàáfíà ni." "Àwọn ọmọ ńkọ́?" "Wọ́n wà." Bí orí bá ń fọ́ wa, àlàáfíà ni. Bí ibà kò bá jẹ́ kí ọmọ sùn mọ́jú, àlàáfíà ni. Èyí kì í ṣe irọ́. Ìkíni ni. Ẹni tí ó kí wa ń fi ìfẹ́ hàn, àwa náà sì ń fi ìfẹ́ dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìdáhùn yìí ti lè ṣe wá ní ibi. Iwájú dókítà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún 2016, kókó kan yọ ní ọmú òsì ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó pẹ́ kí ó tó fi hàn wá. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n rán wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìsàlẹ̀, lọ́nà Kútọnù. Láti Ṣábẹ̀ dé ibẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ. Èmi ni mo bá Ìyá lọ, nítorí èmi ni mo gbọ́ Faransé nínú ilé wa. Ìyá kò gbọ́ ju "bọ́ǹjúù" lọ.

Ní ìgbà kẹta tí a lọ, wọ́n ti fa oògùn sí i lára ní ẹ̀ẹ̀mejì. Dókítà tí a bá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, èrò sì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín sí Ìyá, ó bi í bí ìrora náà ti rí. Mo yí i sí èdè wa. Ìyá tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní: "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ó ń ṣe mí díẹ̀díẹ̀. Bá mi kí i." Mo yíjú sí dókítà, mo ní ó ti sàn, ìrora kò tó nǹkan. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ parasẹtamọ́ọ̀lù fún wa. A jáde. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò kan. Ìyá ké. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìgbà náà ni ó tó sọ fún mi pé òun kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, pé orí ìjókòó ni òun ń sùn, pé apá òsì ń jó òun bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ níbẹ̀?" Ó wò mí bí àgbà ti í wo ọmọdé. Ó ní, "Ẹni tí ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣé ẹjọ́ ni kí n máa rò fún un?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Ìyá nìkan. Òun sọ pé "díẹ̀díẹ̀", èmi ni mo sọ ọ́ di "kò tó nǹkan". Ojú èrò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ń tì mí, mo sì fẹ́ kí Faransé mi dùn létí dókítà. Odindi oṣù kan ni Ìyá fi jẹ ìyà tí oògùn wà fún, nítorí gbólóhùn kan tí mo gé kúrú.

Nígbà tí ó yá, ó tún sọ ohun mìíràn fún mi. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò kọ oògùn mìíràn, owó yóò tún jáde. Tàbí wọn yóò dá òun dúró sí ibẹ̀, ta ni yóò sì bá òun wo gbàgúdá òun nílé? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní irú ẹ̀rù yìí. Kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ti rí. Dókítà lè fi ẹ̀rọ rí kókó. Ó lè fi ẹ̀rọ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára. Kò sí ẹ̀rọ kan láyé tí ó lè rí ìrora. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, bí kò bá sì sọ ọ́, lójú dókítà, kò sí níbẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa ará Ṣábẹ̀ nìkan. Ní ilẹ̀ òyìnbó pàápàá, aláìsàn máa ń pa ìrora mọ́ra, dókítà sì máa ń kánjú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi wá ọ̀nà tí aláìsàn yóò fi máa ròyìn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò ní jẹ́ ní ọjọ́ àdéhùn nìkan.

Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn ńlá kan wà fún jẹjẹrẹ. Memorial Sloan Kettering ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2007 dé ọdún 2011, dókítà kan tí ń jẹ́ Ethan Basch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 766 jọ. Jẹjẹrẹ ti tàn ká ara wọn, wọ́n sì ń gba oògùn. Wọ́n pín wọn sí apá méjì bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ gègé. Apá kan gba ìtọ́jú bí ó ti wà tẹ́lẹ̀: bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n, kí wọ́n rántí sọ ọ́. Apá kejì ń dáhùn ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà nípa nǹkan 12 tí ó máa ń yọ aláìsàn lẹ́nu: ìrora, èébì, àárẹ̀, àìlèmí dáadáa, àìrígbẹ́ yà àti irú wọn. Àwọn tí ó ní kọ̀ǹpútà lè dáhùn láti ilé. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lò dáhùn nígbà tí wọ́n bá wá sí ilé ìwòsàn. Bí ìdáhùn láti ilé bá burú, kọ̀ǹpútà yóò ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì lè wá pe aláìsàn náà, kí wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà, tàbí kí ó ní kí ó máa bọ̀.

Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 àti ọdún 2017. Nínú apá tí ó ń gba ìtọ́jú bí ti tẹ́lẹ̀, oṣù 26 ni ó gbà kí ìdajì wọn tó kú. Nínú apá tí ó ń ròyìn, ó lé ní oṣù 31. Oṣù márùn-ún ni ìyàtọ̀ náà. Ẹni tí ó ń dúró de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ jẹ iṣu tuntun lẹ́ẹ̀kan sí i, mọ ohun tí oṣù márùn-ún jẹ́. Àwọn tí ó ń ròyìn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní pàjáwìrì tó àwọn yòókù. Ohun tí ó wá dùn mọ́ mi jù ni èyí: wọ́n rí i pé àwọn tí kò lo kọ̀ǹpútà rí tẹ́lẹ̀ ni ó jàǹfààní jù. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ A, B, D nígbà tí ewú ti wà lórí, ẹ gbọ́ o.

Ní ilẹ̀ Faransé, lápá ìlú Le Mans, dókítà Fabrice Denis ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn 133 tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ròyìn ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ń ròyìn, 75 wà láàyè. Nínú àwọn yòókù, 49 ni.

N kò fẹ́ tàn yín jẹ. Wọ́n tún dán an wò ní Amẹ́ríkà ní ibi ìtọ́jú 52, pẹ̀lú aláìsàn 1,191. Níbẹ̀, wọn kò rí i pé àwọn tí ó ń ròyìn pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ara rọ̀ wọ́n, pé wọ́n lè rìn kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ju àwọn yòókù lọ, àti pé ó pẹ́ kí wọ́n tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní pàjáwìrì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé tẹlifóònù ń wo jẹjẹrẹ sàn, ẹ má gbà á gbọ́. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé aláìsàn sọ òtítọ́ kí ó tó pẹ́ jù, àti pé ẹnì kan wà ní òdìkejì tí ó gbọ́ ọ tí ó sì dìde. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dìde, ẹ̀rọ náà dà bí agogo tí ń dún nínú ilé òfìfo.

Ẹ ó wí pé, "A kò ní kọ̀ǹpútà." Ó dáa. Ẹ ní ọwọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Kampala, ní Uganda, tí ń jẹ́ African Palliative Care Association. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ìrora dínkù lára àwọn tí àìsàn ńlá ń bá jà ní Áfíríkà. Wọ́n mú ìbéèrè kan tí wọ́n ń lò ní London, wọ́n tún un ṣe kí ó bá ilẹ̀ Áfíríkà mu. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Aláìsàn ń dáhùn méje, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ń dáhùn mẹ́ta. Láti òdo dé márùn-ún ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé lè fi ọwọ́ dáhùn. Ẹ di ọwọ́ yín ní ìkúùkù: òdo ni, kò sí ìrora. Ẹ na ìka kan: ìrora díẹ̀. Ẹ máa nà án lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá na ìka márààrún: ìrora tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè ti ọjọ́ mẹ́ta tí ó kọjá ni, kì í ṣe ti òní nìkan, nítorí ara lè tu ènìyàn ní ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ dókítà gan-an. Wọn kò sì bi í léèrè ìrora nìkan. Wọ́n bi í bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, bí ó bá rí ẹni bá sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ní Dar es Salaam, ní Tanzania, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ kan tí ń jẹ́ Ocean Road ti dán ìbéèrè yìí wò lórí tẹlifóònù. Aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀ ń dáhùn láti ilé. Ọdún 2021 ni wọ́n kọ ọ́ jáde. Nítorí náà, kì í ṣe nǹkan òyìnbó nìkan mọ́.

Kí ni nọ́ńbà yìí wúlò fún? Ní ọdún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àkàsọ̀ oògùn ìrora jáde. Ìrora kékeré, oògùn bíi parasẹtamọ́ọ̀lù. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀, oògùn tí ó lágbára díẹ̀. Bí ó bá le gan-an, mọfíìnì. Ẹni tí ó wí pé "díẹ̀díẹ̀" yóò wà ní ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka mẹ́rin ni ìrora rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbọ́ mọfíìnì, wọ́n rò pé oògùn ikú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Uganda, láti ọdún 1993 tí wọ́n ti dá Hospice Africa sílẹ̀, wọ́n ń po ó mọ́ omi fún aláìsàn láti mu nínú ilé rẹ̀. Wọ́n ń wọn iye rẹ̀, aláìsàn sì ń lò ó ní àkókò tí wọ́n sọ. Kì í dúró kí ìrora tó padà wá.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ sọ irú ìrora tí ó jẹ́. Èdè wa lọ́rọ̀ níbẹ̀ gan-an. Orí ń fọ́ wa. Inú ń run wá. Ìhà ń gún wa. Eegun ń ro wá. Ojú egbò ń ta wá. Ọwọ́ ń jó wa, tàbí ó ń ṣe wá wínníwínní. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ máa ń kó gbogbo èyí sínú ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo, wọn a ní "ó ń dùn ún". Ṣùgbọ́n wọn kò jọra wọn létí dókítà. Ìrora tí ń jó, tí ń ṣe wínníwínní, sábà máa ń jẹ́ ti iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri ara. Oògùn tirẹ̀ lè yàtọ̀. Ìyá mi sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé apá òun ń jó òun. Ká ní mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn níwájú dókítà!

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ fún òbí yín, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ohun tí àgbà sọ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ sọ. Ẹ má fi oyin sí i. Bí ó bá sọ pé "a dúpẹ́", ẹ tún un bi í pé: "Ìka mélòó?" Bí obìnrin bá ní ohun tí kò lè sọ níwájú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ wá obìnrin tí yóò bá a wọlé.

Nígbà tí a padà lọ, a mú kàyé lọ. Ìyá ti wà ní kíláàsì wa nígbà náà. Ó lè kọ nọ́ńbà dáadáa, ó sì lè kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké. Alaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń kọ ọjọ́, ó ń kọ iye ìka, ó ń kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì: "jó", "sùn", "èébì 2". Dókítà náà mú kàyé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ fún wa ní nọ́ńbà tẹlifóònù, a sì jọ ṣe àdéhùn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, n ó ka ọ̀sẹ̀ Ìyá fún un. Bí ìka bá di mẹ́rin ní ọjọ́ méjì léra wọn, a kò ní dúró de ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá kú ní ọdún 2018. Kàyé kò lé jẹjẹrẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, orí ẹní ni ó sùn, kì í ṣe orí ìjókòó. Ó jókòó nínú ọjà, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí iye owó gaàrí. Kàyé náà wà lọ́wọ́ mi. Ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, ó kọ "1", ó sì kọ "mo jẹ àmàlà".

Bí àìsàn yìí bá wà nílé yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ ra kàyé kan. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín pé: "Ta ni kí n pè bí ó bá burú? Ní aago mélòó?" Ẹ kọ nọ́ńbà náà sí ẹ̀yìn kàyé, kì í ṣe inú tẹlifóònù nìkan, nítorí tẹlifóònù ń kú, ọmọ sì ń gbé e lọ. Bí kò bá sí owó ìpè, ẹ lè bá wọn ṣe àdéhùn pé bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n pè yín padà. Níbi tí tẹlifóònù kò bá ti mú, kàyé ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí gbogbo ilé ka ọ̀rọ̀ ara yín, ẹ mọ ibi tí ẹ ń fi í sí.

Àwọn ohun kan wà tí wọn kò gbọdọ̀ dúró nínú kàyé títí di ọ̀la. Ẹni tí wọ́n ń fa oògùn jẹjẹrẹ sí lára, bí ara rẹ̀ bá gbóná tí òṣùwọ̀n ibà dé 38, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Oògùn náà lè sọ ẹ̀jẹ̀ di aláìlágbára, àrùn kékeré á sì pa ènìyàn kíákíá. Bákan náà ni bí kò bá lè mí dáadáa, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, tàbí bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì kú lójijì.

Nísinsìnyí, ẹ ka ojú ìwé yìí sókè. Èmi ni mo kọ ọ́, fún ẹ̀kọ́ wa ni. Obìnrin kan ni, wọ́n fa oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

Ọjọ́ Ajé. Ìka 2. Mo sùn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìka 2. Èébì lẹ́ẹ̀kan.
Ọjọ́rú. Ìka 3. Ẹ̀yìn ń ro mí.
Ọjọ́bọ̀. Ìka 4. N kò sùn.
Ọjọ́ Ẹtì. Ìka 4. Ó ń jó mi dé ẹsẹ̀.
Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìka 3. Ara mi gbóná. 38 àti ààbọ̀.
Ọjọ́ Àìkú. Ìka 3. Àwọn àlejò wá. Mo ní àlàáfíà ni.

Ọjọ́ wo ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì? Ọjọ́ wo ni kò yẹ kí ó sùn sílé rárá? Ẹ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì, kí olúkúlùkù sì kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀. N ó gbà wọ́n nígbà tí mo bá wá.